Ìhà Wo Ló Ṣẹ́?

Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láyé ìgbà tí bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbé sáré lábẹ́ abíyá, ṣì jẹ́ tuntun. Ọmọ awakùsà ni. Wọ́n fi í sí ìlà iwájú. Ẹni ìlà iwájú kì í gbé bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó fi àyà ti àwọn alátakò ṣubú, kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lè rọ́nà kọjá. Kò sí akoto nígbà náà. Ó dá irun orí rẹ̀ sí kí ó kún, òun ni akoto rẹ̀.

Òfin eré náà le. Ẹni tó bá jáde lọ tọ́jú ọgbẹ́ kò gbọdọ̀ padà wọlé títí ìdajì eré yẹn yóò fi parí. Nítorí náà, ọkùnrin yìí kì í jáde. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà lórí ìlà náà. Imú rẹ̀ wọ́. Ìka rẹ̀ mẹ́ta kò ká mọ́. Asáré, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ni ìwé ìròyìn ń ya àwòrán rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbá a níhà, ó sì gbọ́ tí egungun dún. Ó sọ fún asáré náà pé, "Ọ̀rẹ́, má gba ẹ̀yìn mi mọ́ lónìí. Egungun ìhà mi ti ṣẹ́."

Asáré rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? Ta ló gbọ́ ọ rí pé ara ògiri ò yá? Dìde jàre, àwọn èèyàn ń wò wá."

Ó dìde. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni asáré tún gba ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n borí. Wọ́n gbé asáré sí èjìká, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ lọ. Ọkùnrin ìlà iwájú kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Àwọn tó ń kọjá rò pé nǹkan rẹ̀ ló jábọ́ tó ń wá. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú.

Níbi ìsìnkú, asáré sunkún ju gbogbo èèyàn lọ. "Ẹ̀yà ara mi ló lọ yìí!"

Ìyá olóògbé wò ó. Òun kò sunkún. "Ó sọ fún ọ pé ìhà òun ti ṣẹ́?"

"Ó sọ fún mi, Ìyá."

"Ìhà wo?"

Asáré la ẹnu, ó ń wo òdòdó tó mú wá.

"Ẹ̀yà ara rẹ, o ò sì mọ ibi tó ti ń dùn ọ́. Gbé òdòdó rẹ, kí o máa lọ."

Ìwọ Ládiméjì, àbúrò mi, láti àárọ̀ lo ti ń ròyìn ilé tí o kọ́ àti ipò tí wọ́n gbé ọ dé. O ní ẹ̀yìn ń dun ìyàwó rẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n akin obìnrin ni, kì í rẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni. Ó ń rẹ̀ ẹ́. Ibo gan-an ló ń dùn ún lẹ́yìn? Láti oṣù wo? Má wo ilẹ̀, èmi ni kí o wò. Ìbéèrè tí dókítà bi èmi náà nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó mi, mo sì la ẹnu bí asáré yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, mi ò bi í rí.

Mú fìlà rẹ. Lọ sílé, lọ bi í, nígbà tó ṣì lè dá ọ lóhùn.