Àkísà Pupa Ìyá Olókùn

Obìnrin kan gbé ní Ìgbólómi létí ọ̀sà, Ẹfúnyẹlá lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Òkè odò lọ́hùn-ún ni ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ẹ wá. Ọkọ kú, kò fi ọmọ sílẹ̀, àwọn ẹbí ọkọ sì ti tú ká tipẹ́. Ahéré kan létí omi àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ṣẹ́ kù fún un. Ọwọ́ náà ló fi ń lọ́ okùn. Okùn ìwọ̀ ni, okùn àwọ̀n ni, okùn ìdákọ̀ró ni, kò sí èyí tí apẹja ń mú lọ sójú omi ní Ìgbólómi tí kò ti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jáde. Ìyá Olókùn ni wọ́n ń pè é. Ẹ má rò pé orúkọ ọ̀wọ̀ ni o! Bí okùn bá gbé ẹja ńlá wá sílé, apẹja ló mọṣẹ́. Bí okùn bá já, "Ẹ pe Ìyá Olókùn wá."

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Baálẹ̀ pè é, ó ní, "Ilẹ̀ ìlú ni ahéré rẹ wà. Máa gbé ibẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí okùn rẹ bá ṣì ń jẹ́ fún wa." Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ẹfúnyẹlá fi ń sùn, òun ló sì fi ń jí. Bí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀, kò sí ibòmíràn tó lè forí lé láyé.

Nítorí náà, kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Fọ́nrán ọ̀gbọ̀ mẹ́ta ló ń lọ́ pọ̀ lórí itan rẹ̀ títí itan náà á fi bó. Bó bá lọ́ ọ tán, á rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi fún ọjọ́ méjì kí iyọ̀ ọ̀sà má baà jẹ ẹ́. Àṣà kan sì wà tí ìyá tó bí i fi kọ́ ọ: níbi tí okùn bá ti yí padà láti nínípọn sí tẹ́ẹ́rẹ́, á so àkísà pupa mọ́ ọn. Gbogbo apẹja ló mọ ìtumọ̀ àkísà náà. Ó ń sọ fún wọn pé: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mi kọjá ibí yìí.

Ọ̀sátúyì wà ní ìlú náà, apẹja olówó, afẹ́fẹ́yẹ̀yẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà tí omi ọ̀sà bá là, ẹni tó bá kọ́kọ́ ju ìdákọ̀ró sí Ibú Àrọ̀, ibi jíjìn tí ẹja àrọ̀ pọ̀ sí, ló ni ojú ibẹ̀ títí ọdún á fi yí. Ọdún mẹ́ta ni ẹlòmíràn ti ń ṣáájú Ọ̀sátúyì débẹ̀, ó sì ń dùn ún dé egungun. Lọ́dún yìí, ó ní òun ò ní gbà. Ó gbẹ́ ọkọ̀ tuntun láti ara igi ọ̀mọ̀. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ orí ẹja sí ìdí àjẹ̀ méjèèjì, ó sì fi osùn kùn ún. Ó dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó kọ gbogbo ìwọ̀ kéékèèké, ó ní àwọn ńláńlá tó ń dán ni òun fẹ́.

Ìdògbé, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń pẹja, mú ọ̀kan nínú ìwọ̀ náà, ó yí i wò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu àrọ̀ ò gba èyí o. Kékeré tó mú ló ń gbé e."

"Èyí tí mo fẹ́ mú, ẹnu rẹ̀ á gbà á."

"Ó dáa. Àbí ẹja fẹ́ fi ṣe dígí ni?"

Ọmọlúàbí ni Ìdògbé, ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì lágídí. Òun nìkan ló ń pe Ẹfúnyẹlá ní "Ìyá mi" láìfi Olókùn kún un. Bó bá ti ojú omi dé, á ya ahéré rẹ̀, á sọ ẹja méjì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Gbogbo ohun tí ojú ayé máa rí ni Ọ̀sátúyì fi owó rà. Èyí tí omi máa bò mọ́lẹ̀ ló rántí gbẹ̀yìn. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n gbéra ló tó wá bẹ Ẹfúnyẹlá ní iṣẹ́ okùn ìdákọ̀ró. Nígbà tí ọjọ́ karùn-ún pé, òun àti Ìdògbé dé ahéré.

"Ìyá Olókùn, ẹ kú iṣẹ́. Okùn mi ńkọ́?"

Aya ilé ni Ẹfúnyẹlá, bó tilẹ̀ dàgbà ju Ọ̀sátúyì lọ dáadáa, ẹ̀yin ló ń fi bá a sọ̀rọ̀. "Mo ti lọ́ èyí tó gùn tó ogún apá. Ọgbọ̀n ni Ibú Àrọ̀ ń fẹ́. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin sí i."

"Ọjọ́ mẹ́rin kẹ̀! Ọ̀la ni mò ń lọ. Ẹ fi fọ́nrán méjì péré lọ́ èyí tó kù."

"Fọ́nrán méjì ò lè dá ọkọ̀ dúró bí ìjì bá dé."

"Ìsàlẹ̀ omi ló máa wà. Ta ló ń wo ìsàlẹ̀ omi?"

"Omi ń wò ó."

Ìdògbé rẹ́rìn-ín. Ọ̀sátúyì ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ojú wo ahéré náà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé kí n lọ bá Baálẹ̀, kí n sọ fún un pé okùn yín ò jẹ́ fún wa mọ́?"

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó yẹ kí Ẹfúnyẹlá kọ̀ fún un. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òrùlé mìíràn ni kó bú u. Ó jókòó, ó fi fọ́nrán méjì lọ́ apá mẹ́wàá tó kù, ó so ó mọ́ èyí tó nípọn, ó sì wé àkísà pupa mọ́ ojú ìso náà. Ó gbé okùn lé Ọ̀sátúyì lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí kò bá jìn ju ogún apá lọ ni kí ẹ dákọ̀ró sí. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá àkísà yìí." Ìdògbé ló dá a lóhùn pé àwọn ti gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú jáde wá wo ọkọ̀ tuntun. Wọ́n yin ọkọ̀, wọ́n yin àjẹ̀, wọ́n yin ìwọ̀ tó ń kọ mànà. Ni obìnrin aláwàdà kan bá nawọ́ sí okùn, ó ké pé, "Háà! Ọkọ̀ ọba, okùn alákìísà!" Ẹ̀rín sọ. Ojú Ọ̀sátúyì pọ́n. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé àkísà náà kúrò, ó sì jù ú sílẹ̀.

Ìdògbé bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á. "Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ lára okùn, ẹ jẹ́ kó wà lára mi, kí ọ̀kan nínú wa má baà gbàgbé." Ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹfúnyẹlá wà lẹ́yìn èrò, ó rí gbogbo rẹ̀. Àwọn méjèèjì tu ọkọ̀ lọ.

Wọ́n ṣáájú gbogbo ènìyàn dé Ibú Àrọ̀. Láti etí omi, Ẹfúnyẹlá rí wọn tí wọ́n ju òkúta ìdákọ̀ró sínú omi, ó sì mọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Ó ń ka okùn náà nínú ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń wọlé: ogún, mẹ́rìnlélógún, ọgbọ̀n.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, ìjì dé. Àwọn ọkọ̀ yòókù sá wọ èbúté. Ọkọ̀ Ọ̀sátúyì gbọn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ó yí bíríbírí bí igbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé okùn ti já. Afẹ́fẹ́ gbé e lọ lu àwọn òpó ọgbà ẹja, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọ̀sátúyì wẹ̀ dé ilẹ̀. Ìdògbé kò dé.

Ọjọ́ kẹta ni òkú rẹ̀ léfòó. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí iyanrìn, àkísà pupa ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ìlú rí i. Wọ́n sin ín tòun tàkísà, Ẹfúnyẹlá sì sunkún bí ẹni pé òun ló bí i.

Ní ọjọ́ keje, Baálẹ̀ pe ìpàdé. Ọ̀sátúyì dìde láàárín èrò, ó sì na ìka sí Ẹfúnyẹlá. Kò pè é ní ẹ̀yin mọ́. "Ìwọ obìnrin yìí lo pa àbúrò mi! Okùn jíjẹrà lo lọ́ fún mi."

"Baálẹ̀ o," Ẹfúnyẹlá ní, "mo kìlọ̀. Mo so àkísà mọ́ ọn, ó gé e níṣojú gbogbo yín. Ọwọ́ Ìdògbé ni ẹ ti bá a."

Obìnrin aláwàdà ń wo èékánná rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ń wo òkè. Baálẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Ọ̀sátúyì ni ẹja àkọ́pa ọdọọdún ti ń wá fún un, wúkọ́. "Òkú kì í jẹ́rìí. Ìlú ò lè sọ pé ẹ̀bi ọmọ ìlú ni. Ìyá Olókùn, okùn rẹ ò jẹ́ fún wa mọ́. Kó ẹrù rẹ."

Ẹfúnyẹlá kò bẹ̀bẹ̀. Ó lọ mú èyí tó kù lára okùn náà, èyí tí wọ́n fà jáde nísàlẹ̀ omi tòun ti òkúta ìdákọ̀ró, ó fi ìdí kan lé Baálẹ̀ lọ́wọ́, ó fi èkejì lé Ọ̀sátúyì lọ́wọ́. "Ẹ fà á." Ìtìjú mú wọn, wọ́n fà á. Kò já. Wọ́n tún fà á títí iṣan ọrùn wọn fi yọ. Kò já.

"Ẹ rí i bẹ́ẹ̀," ó ní. "Èyí tí mo lọ́ nípọn ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló já. Ẹ̀bi yìí náà, gbogbo yín lẹ jọ fà á. Ó dé ara olówó, ó nípọn. Ó dé ara ìjòyè, ó nípọn. Ó dé ara èmi tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tí kò lẹ́bí, ó já."

Ó di ẹní rẹ̀, ó gba ọ̀nà òkè odò lọ, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ibú Àrọ̀ jẹ́ ti Ọ̀sátúyì lọ́dún yẹn, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ dákọ̀ró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dákẹ́ lọ́jọ́ náà kò lè gbàgbé, àwọn ló sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di òwe tí àgbà ń pa títí dòní nígbà tí wọ́n bá rí i tí ìyà wá aláìní lọ: ibi tí okùn bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ ni í ti í já.