Ihò Tí Amakala Fi Ọ̀dà Dí

Wọ́n ní: "Ihò tí a dí mọ́ ìyá ọkọ, ibẹ̀ lọmọ ẹni ń gbà mu omi." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á ní, ihò wo? Ṣebí ife la fi ń mu omi. Kí ló kan ìyá ọkọ níbẹ̀, kí ló kan ọmọ? Ó yẹ kéèyàn béèrè. Ìlú Uri lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, nílẹ̀ Súmérì àtijọ́, láàárín odò ńlá méjì.

Àwọn ará Uri kì í gbé òkú wọn jìnnà. Abẹ́ ilẹ̀ ilé ni wọ́n ń sin ín sí, sàréè kan náà fún gbogbo ìdílé. Wọ́n á wá ri ọ̀pá amọ̀ kan tó ní ihò nínú mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ á yọ sínú yàrá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kan sàréè. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ibi tí òkú ń lọ ṣókùnkùn. Erùpẹ̀ ni oúnjẹ ibẹ̀, ọba ń jẹ ẹ́, ẹrú ń jẹ ẹ́. Kò sí omi tútù níbẹ̀, àfi èyí tí ìyàwó ilé bá dà sínú ihò náà nígbà tí oṣù bá lé, tó sì dárúkọ òkú. Òkú tí wọn ò bá da omi fún, òùngbẹ ni tirẹ̀ títí ayé.

Amakala ni ìyàwó Urlama tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Nindada, ìyá ọkọ rẹ̀, ń gbé pẹ̀lú wọn, ẹnu ìyá náà sì mú bí abẹ. Lọ́jọ́ kan tí àlejò kún ilé, Amakala gbé ọtí ọkà bálì tó pọn fúnra rẹ̀ jáde. Nindada tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

"Ìyàwó wa, ọtí lo ní ká wá mu, àbí omi tí o fi ṣan ìkòkò?"

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Amakala náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Gẹmẹ, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nìkan ni ìyá àgbà ò rí bú. Orí itan rẹ̀ lọmọ náà ti ń sùn.

Nígbà tí Nindada ń kú lọ, ó di ọwọ́ Amakala mú. "Ìwọ lo máa máa da omi fún mi. Má dà á ní gbígbóná o."

"Mo ti gbọ́, ìyá."

Wọ́n sin ín. Wọ́n pe ọkùnrin kan tó jẹ́ pé ẹkún òkú ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kọrin pé ẹní wúrà ni wọ́n máa tẹ́ fún Nindada lọ́hùn-ún. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé erùpẹ̀ ni, síbẹ̀ wọ́n ń mi orí. Amakala sunkún ju gbogbo wọn lọ. Bí àwọn èèyàn ṣe túká, ó bu ọ̀dà ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi ń dí ara ọkọ̀ kí omi má baà wọlé, ó fi igi kì í sínú ihò náà, ó kì í wọnú dáadáa.

"Ó yá," ó ní, "tu ìyẹn náà dànù."

Látọjọ́ náà, tí oṣù bá lé, Urlama tó ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ lójúde á máa gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá: "Nindada, ìyá rere, ìyá tó ju ìyá lọ, mu omi o!" Ife òfìfo ló wà lọ́wọ́ Amakala. Inú Urlama á dùn, á ní, "Mo mà fẹ́yàwó o."

Nígbà tó yá, ibà kọlu Gẹmẹ. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè ohun ìṣeré. "Ìyá, omi," ó ṣáà ń wí. Bó ṣe ń mu ún ló tún ń béèrè, títí tí kò fi lè béèrè mọ́.

Wọ́n hú ilẹ̀ yàrá, wọ́n tẹ́ ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà. Urlama jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

"Fara balẹ̀, ìyá Gẹmẹ. Ọmọ wa ò dá wà. Ìyá mi wà níbẹ̀. Tí o bá ti da omi, òun ló máa gbà á, á sì fún un mu."

"Ìyá, omi" ló ń dún létí Amakala.

Oṣù lé. Urlama wọlé wá mú irinṣẹ́ kan tó gbàgbé, ó bá ìyàwó rẹ̀ lórí eékún, ó ń fi ọ̀bẹ wa inú ihò náà. Ọ̀bẹ ti tẹ̀. Èékánná rẹ̀ ti ya.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ṣí i."

"Ta ló dí i?"

"Èmi ni."

"Látìgbà wo?"

"Látọjọ́ tí a sin ìyá rẹ."

Urlama wo ife tó wà nílẹ̀. "Gbogbo 'mu omi, ìyá rere' tí mò ń gbọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ẹnu lásán ni. Mi ò da nǹkan kan." Ó di ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú. "Lé mi lọ tó bá wù ọ́. Àmọ́ bá mi ṣí i ná. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ mi."

Urlama mú ọ̀pá idẹ kan, ó tì í bọ iná. "Fi ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀. Ọ̀dà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, iná ló ń gbọ́."

Ó ti ọ̀pá gbígbóná náà bọ ihò. Ọ̀dà rú èéfín, ó rọ̀, wọ́n sì ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ tútù fi fẹ́ wá láti ìsàlẹ̀. Amakala gbé ìkòkò omi, ó la ẹnu láti pe Gẹmẹ. Ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ta la kọ́kọ́ ń pè?"

Àgbà ni. Àgbà ló ń kọ́kọ́ gba omi, òun ló ń fún ọmọdé. Amakala mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò pe ìyá rere, kò pe ìyá tó ju ìyá lọ.

"Nindada," ó ní. "Omi rèé. Kò gbóná. Mu, kí o fún Gẹmẹ."

Ó dà á. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ó dà á títí ìkòkò fi gbẹ. Urlama gba ìkòkò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ sódò lọ pọn òmíràn wá.

Látìgbà náà, bí wọ́n bá rí ẹni tó fẹ́ ba ohun àjùmọ̀ní jẹ́ torí ẹnì kan tó kórìíra, wọn kì í bá a rojọ́ púpọ̀. Wọ́n á kàn ní: "Ihò tí a dí mọ́ ìyá ọkọ, ibẹ̀ lọmọ ẹni ń gbà mu omi."