Àpáta Tí Opó Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gbẹ́

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ baálẹ̀ ìlú kan lórí òkè. Òkè náà ti tu iná lẹ́nu rí láyé àtijọ́, nítorí náà òkúta rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ihò wẹ́wẹ́ sì kún ara rẹ̀ bí inú ṣàkì màlúù. Orí òkúta yìí ni ọ̀nà tó lọ sísàlẹ̀ gbà. Ó ń ha ẹsẹ̀, ó ń jẹ bàtà, ṣùgbọ́n òjò ìbáà rọ̀, ẹni tó ru omi kì í yọ̀ ṣubú níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò pàtàkì kan ń bọ̀, ojú ti baálẹ̀. Ó ní òkúta gbágungbàgun bẹ́ẹ̀ kò yẹ ìlú òun. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà náà, wọ́n fi yanrìn ha á títí ó fi ń dán. Ó wá ku ẹ̀yìnkùlé opó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, tí àpáta ibẹ̀ náà sì lọ títí dé ìsàlẹ̀.

Opó jáde, ó dúró lórí àpáta rẹ̀.

“Ìwọ obìnrin yìí,” baálẹ̀ wí, “òkúta burúkú yìí lo fẹ́ fi dójú ti ìlú?”

“Ó burẹ́wà lóòótọ́, bàbá. Ṣùgbọ́n kò gbé mi ṣubú rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ẹ, ara mi ni irin rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà.”

Wọ́n lérí pé àwọn yóò lé e nílùú. Kò yẹsẹ̀. Nígbà tó sú wọn, wọ́n kó irin wọn lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní alágídí, tí ọ̀pọ̀ kò sì kí i mọ́.

Àwọn àlejò wá, wọ́n yin ọ̀nà, wọ́n lọ. Òjò dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá baálẹ̀ dákú, ó di dandan kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù nísàlẹ̀. Bí àwọn tó gbé e ti tẹ ọ̀nà dídán náà, ẹsẹ̀ yọ̀, ẹni tó wà níwájú fi ìdí lulẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ìyá arúgbó já bọ́. Wọ́n tún gbìyànjú, pàbó ló já sí. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sáré lọ kan ilẹ̀kùn opó.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìnkùlé yín...”

“Ẹ kọjá. Ẹ bọ́ bàtà yín. Yóò ha yín lẹ́sẹ̀, kò ní já yín sílẹ̀.”

Ìyá arúgbó dé ọsibítù láàyè. Baálẹ̀ kò dúpẹ́ o! Alágídí náà ló ṣì ń pè é. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń rọ̀, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni òun náà ń gbà.

Arákùnrin mi, o rí i pé ògiri ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ti ya látòkè délẹ̀. O sọ fún ìgbìmọ̀ pé yóò wó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ ti le jù, kí o kúkú ní ó ń fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. O wá ń bi mí bóyá kí o mú ọ̀rọ̀ náà rọ̀. Rárá o! Inú ń bí mi pé wọ́n tilẹ̀ dán an wò. Àwọn ọmọ wa ló ń jókòó sábẹ́ ògiri yẹn láràárọ̀. Òtítọ́ korò, a mọ̀. Jẹ́ kí ó korò lẹ́nu wọn. Má retí pé kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Padà lọ bá wọn, kí o dúró, kí o sì tún un sọ bí o ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ògiri náà yóò wó.