Àkànjí àti Iye Ọmọ Ìyá Wa

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ní etí, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú ọdẹ rí. Ẹni tí ó bá wá fún ẹ̀rín, kí ó tètè máa lọ sílé, nítorí pé ẹkún ni mo fi ń sọ ìrìn àjò yìí. Ọdẹ́yalé ni orúkọ mi. Ọdẹ ni baba mi, ọdẹ ni baba tí ó bí i, aláró sì ni ìyá mi. Ọmọ tí ìyá mi bí pọ̀, ṣùgbọ́n àwa méjì péré ni ikú fi sílẹ̀ fún un: èmi, àti àbúrò mi Àkànjí.

Láti kékeré ni Àkànjí ti fẹ́ràn kíka nǹkan ju oúnjẹ lọ. A ó pè é kí ó wá jẹun, yóò máa ka ewé orí igi. Ní ọjọ́ kan, ó wo ẹ̀yìnkùlé níbi tí a sin àwọn ọmọ ìyá wa sí, ó gbé ohùn sókè pé, "Ìyá, àwọn ọmọ yín jẹ́..." Kí ó tó dárúkọ iye náà, mo gbá a létí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá wa wọlé lọ sunkún. Láti ọjọ́ náà ni Àkànjí kò ti ka ènìyàn mọ́.

Ìṣirò gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, ìṣirò gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó, ìṣirò náà ni ó gbé e padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi lépa àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín dọ́gba àfi ní oókan, bí èmi ti ń lépa ẹfọ̀n. Àwọn òyìnbó fi orúkọ rẹ̀ pe òfin ìṣirò kan. Èmi kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi yangàn títí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi fi ń sá fún mi.

Nígbà tí ogbó dé, àìsàn wọ orí rẹ̀, ó ń kó nọ́ńbà lọ bí ikún ti ń kó ẹ̀pà. Ibídùn aya rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí; nígbà tí mo dé, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Ọdẹ, ẹ bá mi wò ó. Lánàá, ó tẹjú mọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀ títí, ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ó ń sunkún, Bàbá. Ẹ gbà mí."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Baba mi a máa sọ pé ohun tí orí ènìyàn bá sọ nù láàyè, Igbó Àìníye ni ó ń lọ. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Ọjọ́ keje ni mo dé ibẹ̀. Oòrùn ń ràn, ṣùgbọ́n igi kò ní òjìji. Ẹbọra kan jókòó sí ẹnu ibodè, ìka ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ bí gbòǹgbò ìrókò.

"Ọmọ ènìyàn, kí ni o wá ṣe?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀yin alágbára, ohun tí orí àbúrò mi sọ nù ni mo wá gbà."

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Ọmọ mélòó ni ìyá rẹ bí?"

Inú mi dùn, mo rò pé ọgbọ́n ni ó fi ń dán mi wò. Mo ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ó tún béèrè. Mo ní, "Ọlọ́run ni ó mọ̀ wọ́n."

Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Ó sú mi, mo ní, "Àwa méjì ni."

Bí mo ti wí bẹ́ẹ̀ ni ẹkún sọ lẹ́yìn àwọn igi. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jáde wá, ojú ìyá mi ni gbogbo wọn gbé wọ̀.

Ẹbọra náà wí pé, "Àwọn wọ̀nyí ni àbúrò rẹ fẹ́ kà ní ọjọ́ tí o gbá a létí. Nígbà tí o kò jẹ́ kí ó kà wọ́n, ó lọ ka gbogbo ohun mìíràn láyé. Ọ̀dọ̀ wọn ni ohun tí orí rẹ̀ sọ nù wá jókòó sí. Èmi kò ní dá a padà, nítorí pé ìwọ sẹ́ wọn lójú mi. Kà wọ́n, kí o sì lọ sọ fún un kí ikú tó mú un."

Mo kà wọ́n. Mo fi ọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí mo délé, Àkànjí kò lè dìde mọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àkànjí, mo ti rí wọn. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Tí a bá ka èmi mọ́ wọn, ó di mẹ́wàá. Tí a bá wá ka ìwọ..."

Ó la ojú. "Mọ́kànlá," ni ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́kànlá ò ṣeé pín."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí ó fi dákẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi kò ní kí ẹ tẹ àṣà mọ́lẹ̀. Ẹ má ka ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ẹni tí ó kú nínú ilé yín, ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò nínú yín. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tí ó bá fẹ́ béèrè rẹ̀ béèrè, kí ẹ má gbá a létí. Mo ti di arúgbó, èmi nìkan ni mo kù lórí ilẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè iye ọmọ tí ìyá mi bí lọ́wọ́ yín, kí ẹ bá mi wí fún un pé mọ́kànlá ni wá.