Ọ̀rọ̀ tí Alángbá Kò Tíì Sọ

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Kò dún tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé náà gbọ́. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ ṣé. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, ẹ má jókòó sí i. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Àlọ́ mi kò sáré, kò sì fò. Ó rọra wọ́ tẹ̀rẹ́, tẹ̀rẹ́, ó lọ dúró ní ẹsẹ̀ ògiri kan, níbi tí Alángbá àti Àwẹ̀ró aya rẹ̀ ń gbé.

Ní ìgbà kan rí, Alángbá ní ohùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí i lára ògiri lọ́sàn-án, tó ń mi orí sókè sódò láìfọhùn, ẹ lè rò pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Rárá. Ohùn rẹ̀ dùn nígbà náà. Tó bá kí èèyàn káàárọ̀, á dà bíi pé ilẹ̀ tún mọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Baba Àgbà, ṣebí ó ń yin ara rẹ̀ ni?" Ohùn Mopé nìyẹn. "Wọ́n ní ó já láti orí ìrókò, kò sẹ́ni tó yìn ín, ló bá ń yin ara rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe sọ fún èmi náà nìyẹn, Mopé. Jẹ́ n sọ èyí tí mo mọ̀. Tí mo bá sọ ọ́ tán, kí o yan èyí tó wù ọ́.

Ní ìlú àwọn ẹranko nígbà náà, kò sí ẹni tó ń ṣe ìnáwó láìsí ọlọ́rọ̀. Ẹni tó bá ń sọmọ lórúkọ, tó ń gbéyàwó, tó ń joyè, tàbí tó ṣe òkú, á ní kí ẹnìkan dìde láàárín agbo, kí ó bá òun sọ̀rọ̀ fún ìlú. Tí ọlọ́rọ̀ bá sọ ọ́ tán, wọ́n á gbé igbá esunsun díndín kan fún un, esunsun olóràá tó máa ń fò yí iná ká lẹ́yìn òjò. Igbá ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ìgbín ni ọlọ́rọ̀ ìlú. Ẹ mọ bí Ìgbín ṣe ń rìn. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é lónìí, ó di ọ̀túnla kó tó dé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọjọ́ kẹta ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lórí òkú. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ọ̀nà ló fi ń ṣiṣẹ́. Á dúró lẹ́nu ilé aládùúgbò, á béèrè pé, "Báwo ló ṣe máa ń kí yín?" Á dúró létí odò, á béèrè pé, "Ta ló máa ń bá pọn omi?" Bó bá ti ń lọ, á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é. Aya mi tó máa ń ṣíwájú ègbè kò sí lórí ẹní rẹ̀ mọ́, kí ẹ̀yin náà gbìyànjú.

Ilé ta ni mò ń rè?
Tẹ̀rẹ́-ń-tẹ̀.
Ilé ọ̀fọ̀ ni mò ń rè.
Tẹ̀rẹ́-ń-tẹ̀.
Ọ̀rọ̀ kò tíì pé lẹ́nu mi.
Tẹ̀rẹ́-ń-tẹ̀.
Bó bá pé tán, màá dé.
Tẹ̀rẹ́-ń-tẹ̀.

Ó dáa. Ẹ ṣé.

Lọ́jọ́ kan, ìyá Ehoro kú. Ìgbín dé ní ọjọ́ kẹta, ó gun orí òkúta kan, ó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ó ní, "Ìyá yìí fi ọmọ sí ọ̀tún, ó fi ọmọ sí òsì. Etí kan ló fi ń sùn, èkejì ló fi ń ṣọ́ wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó ń ṣọ́ yín ti fi etí méjèèjì sùn lónìí. Ẹ máa ṣọ́ ara yín." Ó sọ̀ kalẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò sunkún. Òbúkọ pàápàá, tí kì í sunkún, fi irùngbọ̀n nu ojú. Wọ́n gbé igbá ọ̀rọ̀ wá. Ìgbín kì í jẹ esunsun. Ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Ó pín in fún àwọn ọmọdé, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Alángbá wà lára ògiri, ó rí igbá náà. Itọ́ kún un lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí, igbá ńlá báyìí? Ó sáré tẹ̀lé Ìgbín. Kò pẹ́ rárá tó fi bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́, Baba Ìgbín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ."

"O káre, ọmọ mi. Jókòó."

"Ṣé a máa jókòó ni?"

"A máa jókòó. Ọ̀rọ̀ ò rí bákan náà. Ti ìsọmọlórúkọ, jẹ́ kó kúrú. Oòrùn ń pa ìkókó, ìyá rẹ̀ kò sì tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́jọ. Ti ìgbéyàwó, pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n má fi ìyàwó ṣe ẹ̀rín. Ti oyè, ẹni tó ń joyè ni kí o kọjú sí, kí o sọ ohun tí ẹ̀rù ń ba ará ìlú láti sọ fún un, kí o sì fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ti òkú . . ." Ìgbín fa ìwo rẹ̀ wọlé. "Ti òkú, alààyè lò ń bá sọ̀rọ̀. Lọ sí ilé rẹ̀. Wádìí ohun mẹ́ta tó jẹ́ pé ẹni tó bá a gbé nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Tí o kò bá tíì rí mẹ́ta, má dìde."

"Bí a ṣe ń dúró ńkọ́? Ohùn ńkọ́?"

"Wo ojú ẹnìkan ṣoṣo. Mí. Lẹ́yìn náà kí o sọ̀rọ̀."

"Baba, èyí á gba ọjọ́ mẹ́ta."

"Ó ń gbà á."

"Ẹsẹ̀ yín ló fà á," ni Alángbá wí nínú ikùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ìyẹn kò ṣòro fún un, ó dúpẹ́, ó sáré padà sílé.

Ó ti há ọ̀rọ̀ ìyá Ehoro sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ló tún ń wá? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gun ògiri, ó ń mi orí sókè, ó ń mi í sódò, ó ń dán ohùn wò. "Ó fi ọmọ sí ọ̀tún, ó fi ọmọ sí òsì . . ."

Àwẹ̀ró yọjú láti inú ihò ògiri. "Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, baálé mi?"

"Agbo ni."

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni."

"Kì í ṣe ìwọ ló máa rí wọn. Lọ wá nǹkan tí a máa jẹ."

Láti ọjọ́ yẹn, ibikíbi tí wọ́n bá ti ránṣẹ́ pe Ìgbín, Alángbá á ti débẹ̀ kí Ìgbín tó jáde nílé. "Ṣé ẹ ó dúró de baba arúgbó yẹn di ọ̀túnla ni? Èmi rèé." Wọ́n sọmọ lórúkọ nílé Ọ̀kẹ́rẹ́, ó sọ fún gbogbo ayé pé ìkókó ọjọ́ mẹ́jọ fi ọmọ sí ọ̀tún, ó fi ọmọ sí òsì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àdúrà ni. Òbúkọ joyè, ó tún sọ ọ́. Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, ọmọ Òbúkọ mẹ́rin tí ìyálé rẹ̀ kò mọ̀ rí dáhùn láti ẹ̀yìn agbo. Òbúkọ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbé igbá fún Alángbá.

Igbá kún ilé. Tí ó bá dé, á jẹun, á kọjú sí ògiri.

"Kí lẹ sọ lónìí?" ni Àwẹ̀ró á bi í.

"Ọ̀rọ̀ ni."

"Ẹ sọ díẹ̀ níbẹ̀ fún mi."

"Ẹnu ń ro mí, Àwẹ̀ró. Gbogbo ìlú ló ti gbọ́ ọ."

"Ó ku èmi."

Ó ti sùn.

Nígbà tó yá, ara Àwẹ̀ró kò yá. Kò lè gun ògiri mọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ dúró tì mí lónìí. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà jókòó."

Alángbá ti ń fi omi pa orí kó lè máa dán. "Àparò ń gbéyàwó lónìí. Igbá méjì ni wọ́n ṣèlérí. Màá tètè dé."

Ó tètè dé lóòótọ́. Oòrùn kò tíì wọ̀. Ó bá Àwẹ̀ró ní ẹsẹ̀ ògiri, ní ẹ̀gbẹ́ yanrìn. Ara rẹ̀ ti tutù. Alángbá pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Igbá méjèèjì ṣì wà lórí rẹ̀. Kò rántí sọ̀ wọ́n kalẹ̀.

Wọ́n sin Àwẹ̀ró lọ́jọ́ kejì. Ìyá Àparò, àgbàlagbà aládùúgbò wọn, ní, "Ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí Ìgbín, ká dúró di ọjọ́ kẹta."

Àwọn àna Alángbá ti din esunsun. Igbá náà wà níbẹ̀, wọ́n fi ewé bò ó. Alángbá wò ó. Àní lọ́jọ́ yẹn náà, ó wò ó. Ó ní, "Kí igbá kúrò ní ilé mi lọ sí ilé ẹlòmíràn? Èmi ni ọlọ́rọ̀. Òní náà ni n ó sọ ọ́."

Ó gun òkúta. Ó mi orí sókè, ó mi í sódò. Gbogbo ìlú kọjú sí i. Ó la ẹnu, ohùn dídùn náà sì jáde.

"Obìnrin yìí fi ọmọ sí ọ̀tún, ó fi ọmọ sí òsì."

Ẹ̀yin àgbà, mo rí i pé ó ti yé yín. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́. Àwẹ̀ró kò bímọ. Ọdún mẹ́ta ló fi yé ẹyin sínú yanrìn, ẹyọ kan kò pa. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní ìlú náà.

Òbúkọ wo ilẹ̀. Ìyá Àparò wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Ọmọ wo?"

Alángbá gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó wá ẹyọ kan nípa Àwẹ̀ró. Ọ̀rọ̀ tó kù nínú rẹ̀ jẹ́ ti etí ehoro, alángbá kò sì ní irú etí bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ ń wú, ó ń sọ̀. Ohùn kò jáde. Àwọn àna rẹ̀ gbé igbá wọn, ewé ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó bú u. Ì bá dára ká ní wọ́n bú u.

Ìgbín dé ní ọjọ́ kẹta. Ìyá Àparò ló ránṣẹ́ pè é. Ìgbín bá Alángbá nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀," ni Ìgbín wí. Ó jókòó. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Kí ni Àwẹ̀ró máa ń ṣe nírọ̀lẹ́?" ni Ìgbín béèrè.

"Mi ò mọ̀, Baba." Ohùn Alángbá ti di èémí lásán.

"Ẹsẹ̀ ògiri yín ni mo máa ń sinmi sí tí mo bá ń kọjá. Ó máa ń sún fún mi. Nírọ̀lẹ́, tí o bá ti gun ògiri, á lọ sí ìdí yanrìn tó sin ẹyin sí, á fi etí lélẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń gbọ́. Ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n a kì í fi irú wọn sílẹ̀ kí wọ́n dá wà. Ọ̀kan nìyẹn."

Alángbá kọjú sí yanrìn náà.

"Kò jẹ ẹyọ kan nínú esunsun rẹ rí. Ó ní òun ń dúró dìgbà tí o máa ní kí òun wá jẹ. Èkejì nìyẹn."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́, Baba?"

"Ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn, 'ọmọ sí ọ̀tún, ọmọ sí òsì'. Ó ń gbọ́ ọ láti inú ihò. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe òun lò ń bá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn létí òun, òun sì máa ń ṣe bíi pé òun ni."

Alángbá fi àyà lu ilẹ̀.

"Ṣé kò sunkún ni, Baba Àgbà?"

Ó sunkún, Mopé. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ìlú, Baba. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

"Rárá," ni Ìgbín wí. "Ohun tó sọ fún mi ni mo mọ̀. Ìwọ lo bá a gbé. Wá tìrẹ. Múra. Tó o bá múra tán, pè wá. A máa wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tẹ̀rẹ́, tẹ̀rẹ́. Kò kọrin lọ́jọ́ yẹn.

Alángbá gun ògiri. Ó mi orí sókè, ó mi í sódò. Ó wo ojú ẹni àkọ́kọ́ tó kọjá. Ó mí. Ó la ẹnu. Ó dúró. Ọ̀rọ̀ kò tíì pé. Ó tún lọ sí ibòmíràn lára ògiri, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ rí lọ́sàn-án òní náà nìyẹn. Kì í ṣe ara rẹ̀ ló ń yìn. Ọ̀rọ̀ aya rẹ̀ ló ń múra sílẹ̀ láti ìgbà náà, kò sì tíì pe ìlú.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí i, ẹ má sọ ọ́ lókò. Ẹ dúró díẹ̀. Bóyá ẹ̀yin ló fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ nípa ẹnìkan láàárín agbo, kí ó kọ́kọ́ jókòó tì í nínú ilé, nígbà tí onítọ̀hún ṣì lè dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí a jí gbé kì í mọ ẹni tí a ń sọ ọ́ fún. Ìdí àlọ́ mi rèé. Bí mo bá fi ohun tí mi ò mọ̀ kún un, kí ohùn mi há sọ́fun bíi ti Alángbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń gbọ́ mi. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀.

Mopé, bá mi ká ẹní yẹn. Rọra ká a.