Itọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ Nínú Ẹ̀kọ Ìyá Ẹtù

Àlọ́ o! Ẹ dáhùn kíákíá, ẹ̀yin ará ìdí iná, òkùnkùn yìí ń dẹ́rù bà mí: Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta kébé, ó ta gbà, ó balẹ̀ sórí Ìyá Ẹtù ẹlẹ́kọ, ó balẹ̀ sórí Ọ̀kẹ́rẹ́, ó balẹ̀ sórí Itọ́ tó ń gbé lẹ́nu Ọ̀kẹ́rẹ́.

Erin lọba. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Kò léyín mọ́, ẹ̀kọ nìkan ló lè jẹ. Erin pe Ìyá Ẹtù. Ó ní, "Ẹlẹ́kọ, bá mi se ẹ̀kọ tó dì. Omi kì í yó ìyá mi."

Ìyá Ẹtù sè é, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀kọ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí, ni Ọ̀kẹ́rẹ́ aládùúgbò bá dé.

"Ìyá Ẹtù, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò, bóyá ó kan."

Ó fi ìpọnkọ, ṣíbí ẹlẹ́kọ, bu díẹ̀, ó lá a mọ́ tónítóní, ó ti ìpọnkọ padà bọ inú ìkòkò. Kò pẹ́, ẹ̀kọ domi.

Erin ní kó tún un sè. Ó tún un sè. Ọ̀kẹ́rẹ́ tún dé. "Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò." Ó lá a, ó tì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀kọ tún domi.

Erin bínú. "Bí ẹ̀kẹta bá tún domi, ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ, ẹ ó fi ìlú yìí sílẹ̀!"

Ìyá Ẹtù jókòó ti ìkòkò, ó ń sunkún. Ló bá gbọ́ orin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ẹ̀kọ. Ẹ bá mi gbè é:

Mo tú kókó kan,
— Tútútú.
Mo tún bọ́ sí kejì,
— Tútútú.
Ó kù, kò tíì tán,
— Tútútú.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Itọ́ ni. Ẹnu Ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo ti wá, ìpọnkọ ló gbé mi. Okùn tó so ẹ̀kọ pọ̀ ni mò ń tú."

"Ìwọ bíńtín yìí? Kì í rẹ̀ ọ́ ni?"

"Kí ló máa rẹ̀ mí? Mo tú ọ̀kan, mo fi í sílẹ̀, mo mú òmíràn. Mi ò dín. Ẹ gbé ẹran wá, ẹ gbé epo wá, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Okùn ẹ̀kọ nìkan lọwọ́ mi bá mu."

"Mà á fún òròmbó wẹ́wẹ́ lé ọ lórí."

"Háà! Ó kan jù! Ọwọ́ mi á ká kò."

"Mà á gbé ọ sínú omi tútù."

"Mà á sùn ni. Tí ara mi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, mà á jí."

"Mà á gbé ọ padà sórí iná."

Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ìyẹn ò ní àjí."

Ìyá Ẹtù rẹ́rìn-ín. Ó bu ẹ̀kọ omi fáwọn ọmọ rẹ̀ mu, ó gbé òmíràn kaná. Kó tó sọ̀ ọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ ti dé.

"Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò."

"Tọ́ ọ wò, ọkọ mi."

Ó bu ú, ó lá a. "Yéè! Ahọ́n mi o!" Ìpọnkọ bọ́ sínú ẹ̀kọ tó ń hó kutukutu. Itọ́ kú síbẹ̀, kò ráyè kọrin. Ọ̀kẹ́rẹ́ sá gorí igi, ó ń ké kẹ́kẹ́kẹ́ títí dòní.

Ẹ̀kọ dì. Ó ń mì lórí ewé. Ìyá Erin fi í sẹ́nu. Itọ́ tirẹ̀ wà níbẹ̀, ó tú u fún un, ó dùn mọ́ ọn, ó yó. Ìyá Ẹtù ò kúrò nílùú mọ́.

Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ fi ń domi bí a bá ti ṣíbí tí a lá bọ̀ ọ́. Ìdí nìyí táwọn ìyá wa fi ń gbá wa lọ́wọ́: ẹnu nilé Itọ́, kì í ṣe ìkòkò.

Bí mo bá parọ́, kí ẹ̀kọ tèmi domi láàárọ̀ ọ̀la.