Igbá Ńlá Tí Ehoro Gbìn

“Àlọ́ o!”

“Ààlọ̀!”

Àlọ́ mi rọra rìn, ó wọ àkùrọ̀, ó bá Ehoro níbi tó jókòó sí lẹ́bàá ilá rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iná.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ń dá oko ẹ̀ẹ̀rùn létí ìsun omi kan. Ọ̀fẹ́ ni omi nígbà náà. Ẹfọ̀n á pọn tirẹ̀ títí oko rẹ̀ á fi di ẹrẹ̀, ewébẹ̀ àwọn tó kù á sì máa gbẹ. Nígbà tó yá, ìsun fẹ́ẹ̀ gbẹ tán. Ni wọ́n bá pàdé, wọ́n díye lé omi. Ọ̀fẹ́ ni omi mímu. Ṣùgbọ́n igbá omi kan tó bá lọ sóko, ẹrù amọ̀ kan ni owó rẹ̀, kí wọ́n lè fi mọ odi yí ìsun ká. Ìyá Akàn ni wọ́n fi ṣọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ń da omi nù. Ìdí ewébẹ̀ gan-an ni kálukú ń bu omi sí. Ẹfọ̀n pàápàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀.

Ehoro nìkan ni kò tẹ́ lọ́rùn. Ẹ má bínú sí i o. Ọmọ pọ̀ nílé rẹ̀, ilá yìí nìkan ló gbójú lé láti fi bọ́ wọn, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Amọ̀ kì í ṣe ẹrù fúyẹ́.

Ó ronú títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pe Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀. “Igbá kan ni wọ́n wí. Wọn ò sọ bó ṣe máa tóbi tó.”

Ló bá gbin igbá. Gbogbo omi tó fi amọ̀ rà, ìdí igbá ló ń dà á sí.

“Olówó orí mi, ilá ń rọ,” ni Àwẹ̀ró wí.

“Fara balẹ̀. Tí igbá yìí bá gbó, ẹrù amọ̀ kan la ó fi máa pọn odindi odò.”

Igbá gbó, ó tó ìkòkò aró. Ehoro là á, ó rẹ ẹ́ sómi kí inú rẹ̀ lè rà, ó ha á, ó sá a. Omi tó fi rẹ ẹ́ nìkan, ilá ì bá mu ún yó.

Ó ru amọ̀, ó yí igbá lọ sí ìsun.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Akàn. Igbá kan, ẹrù amọ̀ kan.”

Ìyá Akàn wo igbá, ó wo Ehoro. “Òótọ́ ni, ọmọ mi. Pọn ọ́n.”

Ó pọn ọ́n kún. Ó fẹ́ gbé e, kò lè gbé e. Ó tì í, kò mì. Ó fi gbogbo ara tì í. Igbá fì, ó forí sọ òkúta, ó là gbàrà. Gbogbo omi ṣàn padà sínú ìsun.

Ehoro jókòó, ó sunkún. Kì í ṣe torí igbá. Ilá kan ṣoṣo ló kù lóko, àwọn ọmọ kò sì tíì jẹun.

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Akàn. Ó ṣa àfọ́kù igbá kan, ó bu omi sí i, ó gbé e fún un. “O ti san owó rẹ̀. Èyí tí o lè gbé rèé.”

Ehoro wò ó. Àfọ́kù náà kò tóbi ju igbá tí kálukú fi ń pọnmi lọ. Ó gbé e lọ, kò jẹ́ kó kán sílẹ̀, ó rọra dà á sídìí ilá tó kù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ewébẹ̀ tí Ẹfọ̀n fún wọn láti oko rẹ̀ ni àwọn ọmọ Ehoro jẹ. Ilá yẹn ló so irúgbìn ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí a bá díye lé omi, kì í ṣe kí ìyà lè jẹ ẹnikẹ́ni, kó lè kárí ni. Ẹni tó bá fẹ́ fọgbọ́n rẹ́ òṣùwọ̀n jẹ, oko tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbẹ.

Àlọ́ mi délé, ó sọ igbá kalẹ̀. Ẹ fi eérú bo iná o. Ẹ má da omi sí i.